Ìkòkò Tí Iyọ̀ Kì Í Wọ̀

Ìyá mi ló kọ́kọ́ rí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, mi ò tíì bọ́ bàtà tán lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n fi ń pè mí láti pálọ̀.

"Wá wo nǹkan tó wà létí ọmọ yìí."

Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo lóṣòó síwájú àpótí gíláàsì tó kún fún omi, mo tẹjú mọ́ ọn, àyà mi sì já. Irun funfun kan ti hù sí ìdí ọ̀kan nínú ìyẹ́ pupa tí ẹran náà fi ń mí. Ó rí bí òwú tí èèyàn já díẹ̀ lára ìrọ̀rí, ó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú omi. Irú irun bẹ́ẹ̀ ló máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá ti pẹ́ jù nínú ọ̀rá.

"Etí náà ni," ìyá mi wí. "Ṣé o rí i? Etí náà ni."

Mo rí i. Mo dìde, mo lọ bọ́jú.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹran tí mò ń wí, nítorí ó ti tó àlejò mélòó kan tó wọ pálọ̀ wa ní Òkòtà tó sì fò sẹ́yìn. Asolọ́tù ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Kì í ṣe ẹja, kì í ṣe alángbá, ó kàn dà bíi pé àwọn méjèèjì jọ bí i ni. Ó lẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ìrù rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó sì gùn díẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ṣùgbọ́n inú omi ló ń gbé títí ayé rẹ̀. Ìyẹ́ pupa mẹ́ta yọ jáde lápá ọ̀tún orí rẹ̀, mẹ́ta lápá òsì, ibi tí etí ì bá wà ká ní ó létí bíi tiwa. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn á fi rò pé ẹ̀rín ló ń rín, kódà lọ́jọ́ tí ebi bá ń pa á. Ti ilé wa funfun láti orí dé ìrù, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ ó sì rí ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Omi tútù ni irú rẹ̀ ń gbé níbi tó ti ṣẹ̀ wá. Ohun tó wá ṣe ní Èkó, kò yé òun náà, mo rò bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ló gbé e wá sílé. Àfín ni àbúrò mi. Ẹja inú gíláàsì ló ń tà lẹ́bàá ọ̀nà Òkè-Àfá, àwọn ẹja kéékèèké aláwọ̀ mèremère tí àwọn èèyàn máa ń gbé sí pálọ̀ kí ilé wọn lè dùn ún wò. Oníbàárà rẹ̀ kan ń kó lọ sókè òkun, kò sì lè gbé ẹran yìí lọ, ló bá fà á lé e lọ́wọ́. Bó ṣe gbé e wọlé lọ́jọ́ náà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rín ló ń pa á kú lọ.

"Màmá, ẹ wá wò ó o. Mo ti rí ẹni tí a jọ jẹ́ ìdílé kan náà."

Ìyá mi kọ́kọ́ kígbe. Nígbà tó yá wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó tún ṣe, wọ́n ní ṣé ó ti jẹun. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní àfín inú omi, àwọn ló sì ń wa ekòló fún un lẹ́yìn ilé, àwọn tó jẹ́ pé bí ekòló bá gba ẹsẹ̀ wọn kọjá tẹ́lẹ̀, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́.

Àbúrò mi kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Jẹjẹrẹ awọ ara ni. Bí egbò kékeré ló ṣe bẹ̀rẹ̀ létí rẹ̀, egbò tí kò jinná, a fi ìpara sí i, a fi gbogbo nǹkan tí ẹnu ń pè sí i. Nígbà tí dókítà fi máa gé e wò, ó ti wọ inú lọ. Èmi ni mo tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn, mi ò sì fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, ìyá mi ò tẹ̀ lé wa. Nílẹ̀ wa, òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Wọ́n kì í sọ fún un, òun náà kì í béèrè. Àwọn ọkùnrin gbé e lọ lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, wọ́n padà dé, wọ́n fọ ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ẹlòmíràn tí èèyàn rẹ̀ kú lè lọ jókòó sídìí sàréè, kó hu koríko, kó bá a sọ̀rọ̀. Ìyá mi ò ní irú ibẹ̀ yẹn. Iwájú gíláàsì tó wà ní pálọ̀ ni wọ́n ń gbé àga sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mu ẹ̀kọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka tẹ̀sùbáà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ròyìn àdúgbò fún ẹran tí kò gbédè. Mo mọ̀ dáadáa pé bí ẹran yẹn bá kú, ìyá mi ò níbi tí wọ́n máa gbé àga lọ mọ́. Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já lọ́jọ́ tí a rí òwú náà. Kì í ṣe nítorí ẹran.

Ooru ló bá wa débẹ̀. Nígbà ayé àbúrò mi, ó ti kọ́ wa ní gbogbo ohun tí ẹran náà fẹ́ àti èyí tí kò fẹ́. Omi ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì di ọjọ́ kejì kí a tó dà á sí i, kí òórùn oògùn inú rẹ̀ lè fò lọ. Bí ó bá jẹun ṣẹ́kù, kí a ṣà á kúrò kíá, nítorí oúnjẹ tó bá jẹrà sínú omi ni àìsàn máa kọ́kọ́ bá ṣọ̀rẹ́. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni òtútù. Ike omi tó ti dì nínú fírísà la máa ń jù sínú gíláàsì náà, bí ọ̀kan bá ti yọ́, a ó fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀. A ń ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń pa òfin mọ́. Ṣùgbọ́n tiràńsífọ́mà àdúgbò wa bú gbàmù lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù tí oòrùn ń mú jù, òkùnkùn sì bò wá mọ́lẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ wa kò lágbára fírísà. Mo ń ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mo ń gbé e sáré bọ̀ wá sílé, kí n tó dé ó ti di omi, ó ń kán láti inú ọ̀rá sí ẹsẹ̀ mi. Omi inú gíláàsì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Ẹran náà kò jẹun mọ́, ekòló tí ó fi sílẹ̀ ń kú sínú omi, kí a tó ṣà á ó ti rà. Lẹ́yìn ìyẹn ni òwú yọ.

Àbúrò mi ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ń ta ẹja, ọ̀rẹ́ náà ti wá ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí ní Ìsọlọ̀. Mo ya fọ́tò òwú náà, mo fi ránṣẹ́ sí i. Kò pẹ́ tó fi pè mí.

"Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, fọ́ńgọ́ọ̀sì ni. Kò tíì kọjá agbára."

"Ibo ló ti rí fọ́ńgọ́ọ̀sì? A kì í jẹ́ kó dọ̀tí."

"Ó ti wà nínú omi tẹ́lẹ̀, kò sí omi tí kì í sí nínú rẹ̀. Ìgbà tí ooru bá ti mú un, tí ara rẹ̀ ò le mọ́, ni yóò tó ráyè gùn ún. Ẹ wò ó, Àǹtí, a kì í fi oníjà sílẹ̀ ká gbájú mọ́ alápẹpẹ. Ooru ni ọ̀tá yín o. Ṣùgbọ́n ẹ ti jẹ́ ká kọ́kọ́ fi iyọ̀ lé eléyìí lọ."

Ó ṣàlàyé fún mi. Kí n wá abọ́ kan sọ́tọ̀ tí ọṣẹ kò kàn rí. Kí n bu omi tútù tó ti sùn di ọjọ́ kejì sí i, kí n fi ṣíbí ìrotíì méjì iyọ̀ sí lítà kan, kí n rò ó títí yóò fi yọ́ pátápátá. Kí n wá gbé ẹran náà sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà kó padà sínú omi rẹ̀. N kò gbọ́dọ̀ da iyọ̀ sínú gíláàsì níbi tó ń gbé, n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ já òwú náà, n kò sì gbọ́dọ̀ lo iyọ̀ ìdáná, nítorí wọ́n ti fi èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ayódíìnì sí i. Ó ní òun ní iyọ̀ tó mọ́ tí òun ń lò fún ẹja, kí n yà wá mú un. Mo yà, mo mú un nínú ọ̀rá dúdú kékeré.

Mo gbé ọ̀rá náà lé orí tábìlì, mo ń sọ ohun tí wọ́n sọ fún mi, ìyá mi sì ń gbọ́ títí mo fi dé ọ̀rọ̀ iyọ̀.

"Iyọ̀ kẹ̀?" wọ́n ní. "Wọn kì í fún àfín níyọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ìgbà tí mo wo ojú wọn ni ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹni tó bá dàgbà sọ́dọ̀ àwọn àgbà tiwa á ti gbọ́ ọ rí. Wọ́n gbà pé iyọ̀ máa ń ba àfín lára jẹ́, pé òun ló ń sọ awọ rẹ̀ di pípọ́n, tó ń mú àmì dúdú-dúdú jáde sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí àbúrò mi, ìyá bàbá mi wá láti ìlú wa lápá Ọ̀yọ́, wọ́n gbé ọmọ náà yẹ̀ wò, wọ́n kìlọ̀ fún ìyá mi níwájú gbogbo èèyàn. Ìyá mi lọ sọ́jà, wọ́n ra ìkòkò kékeré kan. Láti ìgbà tí àbúrò mi ti ń jẹun títí tó fi kú, inú ìkòkò yẹn ni wọ́n ti ń se ọbẹ̀ tirẹ̀. Bí a bá pa àgbò nígbà iléyá, tiẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yọ sọ́tọ̀ kí ṣíbí iyọ̀ tó kan ẹran. Bí mo bá ṣèèṣì fi ìgbákọ ọbẹ̀ ti gbogbo ilé ro tiẹ̀, ìgbákọ náà á gbá mi lórí. Mo tọ́ ọbẹ̀ náà wò lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ata, ó ní epo, ó ní ẹja tó dára jù, nítorí ìyá mi máa ń fi ẹja bẹ̀ ẹ́ fún iyọ̀ tí kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀ ó tẹ́ bí omi tí wọ́n fi ṣan abọ́.

Àbúrò mi kì í ṣàríwísí. Á jẹ ẹ́ tán, á ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́." Ohun tí ìyá mi kò mọ̀ ni pé láti ilé ìwé girama ló ti ń jẹ ti òde. Ó ń jẹ àkàrà, ó ń jẹ súyà, ó ń jẹ ìrẹsì àwọn tó ń tajà nítòsí ibi tó pa agboòrùn rẹ̀ sí. Èmi ló sọ fún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ fún Màmá o. Wọ́n á rò pé mo fẹ́ pa ara mi."

Mi ò sọ. Lẹ́yìn tó kú gan-an ni mi ò tún wá lè sọ, nítorí mo mọ̀ pé ìyá mi á ní iyọ̀ ló pa á.

Gbogbo èyí wà nínú orí mi bí mo ṣe dúró síwájú wọn, tí ọ̀rá dúdú wà lórí tábìlì. Ó yẹ kí n fi pẹ̀lẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n oníwàǹwára ni mí, ilé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe kẹ́ẹ̀gì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ní Ìsọlọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ sì ti kọ́ mi ní igbe.

"Màmá, ẹran ni! Kì í ṣe èèyàn! Bí a ò bá fi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, ó máa kú."

Wọ́n wo gíláàsì, wọ́n wò mí.

"Ó dáa. Èmi ni mo máa wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ tìrẹ ti le jù."

Bí ìyá mi bá ti ní ó dáa, ó yẹ kí ọlọ́gbọ́n tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò béèrè. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo ń wọn iyọ̀, mo ń rò ó sínú jọ́ọ̀gì méjì, ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, mo ń gbé wọn sórí tábìlì. Bí mo bá dé, jọ́ọ̀gì ti ṣófo, abọ́ ti mọ́, ìyá mi á ní àwọn ti ṣe é. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ń gbé yìnyín wálé láti ibi iṣẹ́, nítorí ọ̀gá wa jẹ́ kí n máa lo fírísà wọn, omi sì ti ń tutù díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀ òwú náà ń pọ̀. Ó gun ìyẹ́ kejì. Ó yọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹran náà wá ń léfòó, kò lè jókòó sísàlẹ̀ mọ́, ẹ̀rín rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù lójú mi. Mo pe ọ̀rẹ́ àbúrò mi, mo pariwo lé e lórí pé iyọ̀ rẹ̀ kò dára. Ó tọrọ àforíjì fún ohun tí kò ṣe.

Lọ́jọ́ kan ẹ̀rọ wa bàjẹ́ níbi iṣẹ́, wọ́n ní kí a máa lọ sílé. Ọ̀sán gangan ni mo wọlé. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ nílé ìdáná, abọ́ wà láàárín ẹsẹ̀ wọn, ẹran náà wà nínú abọ́. Wọn ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ń fi ìka kan bu omi sí i lẹ́yìn, wọ́n ń ní, "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Mi ò ní jẹ́ kó ta ọ́ lára."

Jọ́ọ̀gì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ti ṣófo. Ilẹ̀ tó wà lẹ́nu ihò omi ti tutù. Mo tẹ ìka bọ inú abọ́ náà, mo fi kan ahọ́n.

Omi lásán ni. Kò sí iyọ̀ kankan níbẹ̀.

Mi ò rántí ìgbà tí inú ti bí mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n wò mí láti ìsàlẹ̀ bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìṣasùn, wíwò yẹn tún wá dá kún ìbínú mi.

"Ẹ ti ń dà á nù látọjọ́ yìí?"

"Mi ò lè ṣe é. Mo gbìyànjú ẹ̀. Ọwọ́ mi ò gbà á."

"Ẹ wò ó! Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀! Ẹ̀ ń pa á ni!"

"Iyọ̀ ni yóò pa á. Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ní ìtọ́jú àfín? Èmi tí mo tọ́ ọ̀kan dàgbà?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, a máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọdé lójoojúmọ́. Tèmi já bọ́ kí n tó mọ̀.

"Iyọ̀ kọ́ ló pa á! Oòrùn ni! Oòrùn ló jó o pa lẹ́bàá títì nígbà tí ẹ̀ ń ṣọ́ iyọ̀!"

Kò sí ẹni tó ti sọ ọ́ rí nínú ilé wa. Dókítà ti sọ ọ́ fún mi ní kọ̀rọ̀, mo ti gbé e mì. Ní gbogbo ọdún tí àbúrò mi fi jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, lábẹ́ agboòrùn tó ti ya, oòrùn ń bọ́ láti òkè, ó tún ń ta padà sí i lójú láti ara gíláàsì ẹja. Bí oníbàárà bá dúró, ó máa ń ṣí fìlà rẹ̀ kí wọ́n lè rí ẹ̀rín rẹ̀. Kò sí ẹni tó ra ìkòkò sọ́tọ̀ nítorí oòrùn. Gbogbo wa là ń ṣọ́ iyọ̀.

Ìyá mi ò sunkún. Wọ́n wo ọwọ́ wọn nínú omi.

"Iyọ̀ ló wà níkàáwọ́ mi," wọ́n ní, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. "Inú ike ni iyọ̀ wà, mo lè dé e. Oòrùn ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ fi dé oòrùn? Ọkùnrin ni, ó gbọ́dọ̀ jáde lọ jẹun. Mo ra fìlà. Mo ra agboòrùn. Mo ní kó máa ta á nínú ilé, ó ní ta ló máa wá inú ilé wá wo ẹja. Kí ni kí n tún ṣe?"

Ojú tì mí, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí ilẹ̀ tútù náà. A jọ ń wo ẹran náà. Nígbà tó pẹ́, wọ́n nu ọwọ́ sára ìró wọn.

"Gbé iyọ̀ yẹn wá."

Àwọn fúnra wọn ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Díẹ̀ dà sílẹ̀, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án. Wọ́n rò ó, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ṣe bisimilláhì, wọ́n wá gbé ẹran náà sínú rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ó ju ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìyẹ́ etí rẹ̀ gbọ̀n omi nù, ìyá mi di ọwọ́ mi mú, èékánná wọn wọ̀ mí lára. Mo ń wo aago lára fóònù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà gùn ju oṣù mẹ́wàá lọ. Nígbà tó pé, wọ́n gbé e padà sínú omi tútù, ó rì lọ sísàlẹ̀, ó dúró sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ń léfòó.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, wọ́n sì gbé mi sí ìpín ọ̀sán kí n lè wà nílé láàárọ̀. Òwú náà kọ́kọ́ di aláwọ̀ eérú, ó wá ń tín-ín-rín sí i, ó já bọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi iyọ̀ bí fọ́nrán aṣọ. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ooru rọlẹ̀. Wọ́n wá tún tiràńsífọ́mà ṣe, fírísà wa bẹ̀rẹ̀ sí kùn nílé ìdáná, ìyá mi sì to ike omi kún inú rẹ̀ débi pé kò sí àyè fún ẹja wa. Ọ̀rẹ́ àbúrò mi wá wò ó fúnra rẹ̀. Ó ní kí a dá iyọ̀ dúró, ara rẹ̀ ti dá, kí a ṣáà má jẹ́ kí ooru tún mú un. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ fún igbe ọjọ́sí. Ó ní kò sí wàhálà, ó wo àga ìyá mi níwájú gíláàsì, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́.

Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí inú ìyá mi náà dùn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ẹran náà gbé ekòló mì lẹ́ẹ̀kan náà, gbùn-ún, mo pàtẹ́wọ́. Ìyá mi ò pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi ojú wá ibi tí òwú wà tẹ́lẹ̀ létí rẹ̀. Awọ ibẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Iyọ̀ ò ṣe é ní nǹkan kan," wọ́n ní.

"Kò ṣe é, Màmá. Ó gbà á là ni."

"Ìyẹn ni pé iyọ̀ ò lè ṣe ọmọ mi náà ní nǹkan kan."

Mo fẹ́ sọ pé ẹran omi yàtọ̀ sí èèyàn, ohun tí mo fi pariwo mọ́ wọn lọ́jọ́sí. Kò jáde lẹ́nu mi, nítorí òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, ẹkún tí wọn ò sun níwájú mi lọ́jọ́ ìsìnkú. Wọ́n ń ní ọmọ àwọn wá sáyé, kò mọ adùn ọbẹ̀ títí tó fi lọ, ọwọ́ àwọn ni kò jẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Mi ò lè fara dà á. Mo rò pé mo ní oògùn rẹ̀ lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ má sunkún. Ó ń jẹ iyọ̀. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń jẹ ẹ́ níta. Ó ń jẹ àkàrà, ó ń jẹ súyà, kò sí ohun tí kì í jẹ. Òun ló ní kí n má sọ fún yín."

Ẹkún náà dúró. Wọ́n kọjú sí mi. Mo ń retí kí ojú wọn fúyẹ́.

"Ìyẹn ni pé ọbẹ̀ tèmi nìkan ni kò dùn lẹ́nu rẹ̀," wọ́n wí.

Wọ́n dìde lórí àga, wọ́n wọ ilé ìdáná lọ, mo gbọ́ tí wọ́n ń gbé nǹkan láti òkè pẹpẹ. Ìkòkò kékeré náà ni. Láti ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ti dojú rẹ̀ délẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n gbé e kaná, wọ́n ta epo sí i, wọ́n da ata sí i, wọ́n já ẹja sí i. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mi ò wọlé. Wọ́n ṣí ike iyọ̀. Wọn ò lo ṣíbí, ọwọ́ ni wọ́n fi bù ú, wọ́n ro ọbẹ̀ náà, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ronú, wọ́n tún bu òmíràn sí i. Wọ́n tún bù ú lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ìyẹn.

Abọ́ àbúrò mi ni wọ́n fi bu tèmi. Wọ́n gbé e síwájú mi pẹ̀lú ìrẹsì, wọ́n jókòó tì mí, wọn ò bu tiwọn.

"Jẹ ẹ́. Sọ fún mi bó ṣe rí."

Mo bu ọbẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ń ta mí létè.

"Ó dùn, Màmá," mo wí, mo sì jẹ ẹ́ tán.